Ohun Tí Wọ́n Gbà Láti Pàdánù: Páténtì Harold Black Lórí Áńpílífáyà àti Páténtì Burton Smith Lórí Multithreading

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìmọ̀, mo kí yín, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ìwé páténtì méjì ni mo fẹ́ kí á jọ yẹ̀ wò lónìí. Àkọ́kọ́ ni ti Harold Stephen Black, nọ́ńbà 2,102,671, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1937. Áńpílífáyà, ẹ̀rọ tó ń sọ ohùn kékeré di ńlá, ló dá lé. Èkejì ni nọ́ńbà 4,229,790, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 1980 fún ilé iṣẹ́ Denelcor, tí orúkọ Burton Smith sì wà lára àwọn tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀nà tí prósẹ́sọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà, fi lè máa bá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ pa pọ̀ ló dá lé, èyí tí ayé wá ń pè ní multithreading. Lójú ẹni tó bá wò ó gààràgà, àwọn ìwé méjèèjì yìí kò jọra rárá. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ìpinnu kan náà ló wà nídìí wọn: olúkúlùkù àwọn ọkùnrin wọ̀nyí gbà láti pàdánù ohun tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lé kiri, ohun tó sì rí gbà ní pàṣípààrọ̀ ju èyí tó sọnù lọ.

Kí á tó wọ inú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tí páténtì jẹ́. Àdéhùn ni láàrin olùdásílẹ̀ àti ìjọba. Olùdásílẹ̀ yóò tú àṣírí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, yóò kọ ọ́ débi pé ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú lè kà á kí ó sì ṣe é; ìjọba náà yóò sì fún un ní àkókò kan tí ẹlòmíràn kò ní lè fi iṣẹ́ náà ṣòwò láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lásìkò Black, ọdún 17 ni àkókò yẹn ní Amẹ́ríkà, láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí ìwé. Ìwé páténtì kì í ṣe ìwé àṣẹ lásán, nítorí náà. Ìwé ẹ̀kọ́ ni. Ó sì máa ń dùn mí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í sábà ṣí i wò, nígbà tó jẹ́ pé lọ́fẹ̀ẹ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìlú Leominster ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ni wọ́n ti bí Black ní 1898. Ó gboyè ní Worcester Polytechnic Institute ní 1921, ọdún yẹn náà ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Western Electric ní New York, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀ka ìwádìí rẹ̀ di Bell Telephone Laboratories ní 1925. Láti 1915 ni ohùn ti ń gba orí wáyà láti New York dé San Francisco, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ ohùn náà lójú ọ̀nà, wọ́n sì ń to áńpílífáyà sí ojú ọ̀nà láti gbé e ró. Váàfù, gílóòbù onígíláàsì tó ṣáájú transistor, ni ọkàn áńpílífáyà ayé ìgbà náà, váàfù kì í sì í ṣe olóòótọ́. Bí ohùn tó wọlé bá di ìlọ́po méjì, èyí tó jáde kì í di ìlọ́po méjì gẹ́lẹ́. Yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì fi ohùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ kún èyí tí a sọ. Bó bá jẹ́ áńpílífáyà kan ṣoṣo, etí lè má fura. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ní láti gba inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kọjá, àbùkù ti àkọ́kọ́ ni ìkejì yóò gbé ga, tí yóò sì fi tirẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá tún wá fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìpè gba orí wáyà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ìpè kan yóò máa kó sínú ìpè kejì.

Gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ yìí ló ń wá váàfù tó sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Black náà wá a, kò rí i. Ní 1923 ló wá yí ìbéèrè náà padà: ó gbà pé váàfù kò ní ṣe olóòótọ́ láé, ó sì bi ara rẹ̀ bí a ṣe lè yọ irọ́ tó pa kúrò lẹ́yìn tó bá ti pa á tán. Ìdáhùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kí á dín ohùn tó jáde kù títí yóò fi tó ìwọ̀n èyí tó wọlé, kí á fi ọ̀kan yọ kúrò nínú èkejì kí ó lè ku àbùkù nìkan, kí á sì gba inú áńpílífáyà kejì lọ pa àbùkù náà rẹ́. Wọ́n fún un ní páténtì lórí èyí ní 1928. Iṣẹ́ náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé lé ọwọ́ ẹni tó ń tọ́jú wáyà tẹlifóònù, nítorí pé àwọn áńpílífáyà méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu régérégé nígbà gbogbo. Black sọ pé wákàtí-wákàtí ni ẹnìkan ní láti máa tún iná tó ń gbóná váàfù ṣe.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ìdáhùn kejì dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1927, Black wà nínú ọkọ̀ ojú omi Lackawanna tó ń gbé àwọn òṣìṣẹ́ sọdá odò Hudson lọ sí Manhattan. Ó ní ojú ẹsẹ̀ ni èrò náà là sí òun lọ́kàn. Kò ní ìwé mìíràn lọ́wọ́, ó sì ya àwòrán àti ìṣirò rẹ̀ sí orí abala kan nínú ìwé ìròyìn New York Times. Ó fọwọ́ sí i, nígbà tó sì dé ibi iṣẹ́, ó ní kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó lóye rẹ̀ bá òun fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kíyè sí ìyẹn. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè nílò láti fi ẹ̀rí ọjọ́ tí èrò kan dé sí òun hàn nílé ẹjọ́ kì í fi fífọwọ́sí ìwé di ọ̀la.

Kí ni èrò náà? Pé kí á mú ìdá kan nínú ohùn tó ti jáde, kí á dá a padà sí ẹnu ọ̀nà ní òdì, kí ó lè máa dín ohun tó ń wọlé kù. Èyí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní negative feedback. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀ díẹ̀, nítorí ìṣirò ni ẹwà rẹ̀. Ká ní áńpílífáyà kan wà tó lè sọ ohùn di ìlọ́po 100,000, ká sì ní ìdá kan nínú 100 ohun tó jáde ni a ń dá padà. Ìlọ́po tí yóò ṣẹ́ kù fún wa ni 100,000 tí a fi 1,001 pín, ìyẹn 99.9. Agbára tí a jù nù yìí pọ̀ púpọ̀. Wàyí o, ká ní váàfù náà ń gbó lọ, tí agbára rẹ̀ dín kù sí 50,000. Ìlọ́po wa yóò di 50,000 tí a fi 501 pín, ìyẹn 99.8. Váàfù ti pàdánù ìdajì agbára rẹ̀, ẹni tó gbé tẹlifóònù sétí kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Àbùkù tí váàfù ń fi kún ohùn náà yóò dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú 1,000 ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ibi tí ohun gbogbo wá gbára lé ni ìdá kan nínú 100 yẹn, rẹsísítọ̀ lásán, ohun èlò kékeré tó ń dín ìṣàn iná kù, ni a sì fi ń wọ̀n ọ́n. Rẹsísítọ̀ kì í tètè gbó bíi váàfù, kì í sì í yí ìwà padà nítorí pé iná lọ sókè tàbí sódò.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1927, ẹ̀rọ tí Black tò jọ dín àbùkù kù ní ìlọ́po 100,000. Síbẹ̀, ọ̀gá tó wà lórí ìwádìí nílé iṣẹ́ náà kò gbà á gbọ́, ó sì ní kí ó lọ ṣe áńpílífáyà bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe é. N kò fẹ́ kí á fi èyí pe ọ̀gá náà ní aláìmọ̀kan. Owó gidi àti òógùn gidi ni ìlọ́po ná àwọn ẹnjiníà ìgbà náà, ẹni tó bá sì sọ pé kí á kó 99,900 nínú 100,000 dànù yóò jọ ẹni tí orí rẹ̀ kò pé.

Ọ́fíìsì páténtì náà wò ó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1928 ni Black fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀: ojú ìwé 52 ọ̀rọ̀, ojú ìwé 35 àwòrán, ohun 126 tó sọ pé tòun ni. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Ní Britain, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà, wọ́n wo ìwé náà bí ìwé ẹni tó ní òun ti ṣe ẹ̀rọ tí kì í dúró títí ayé, wọ́n sì ní kí ó mú èyí tó ń ṣiṣẹ́ wá. Ìdí tí wọn kò fi gbà á ni pé gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ nípa dídá ohùn padà sẹ́nu ọ̀nà ni pé ó máa ń mú ẹ̀rọ hu. Ẹni tó bá ti gbé máíkì sún mọ́ sípíkà rí níbi ayẹyẹ mọ ariwo tí mò ń sọ. Wọn kò sì purọ́ pátápátá: ohùn tí a dá padà ní òdì máa ń pẹ́ díẹ̀ lójú ọ̀nà, bí ìpẹ́ náà bá sì tó ìwọ̀n kan, òdì yóò yí padà di àfikún, áńpílífáyà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ẹlẹgbẹ́ Black, Harry Nyquist, ọmọ Sweden tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell, ló gbé òfin kalẹ̀ ní 1932 tí a fi ń mọ̀ ṣáájú bóyá áńpílífáyà kan yóò hu tàbí kò ní hu. Hendrik Bode wá kọ́ àwọn ẹnjiníà ní bí wọn yóò ṣe ṣe é tí kò fi ní hu. Lójú tèmi, láìsí àwọn méjèèjì yìí, páténtì Black ì bá jẹ́ ìwé tó dára tí ẹ̀rù ń ba àwọn ènìyàn láti lò.

Nígbà tí iṣẹ́ náà kúrò lórí wáyà tẹlifóònù bọ́ sí ọ̀dọ̀ àwọn olólùfẹ́ orin, ó gbilẹ̀ kíákíá. Ní 1947, D. T. N. Williamson gbé àwòrán áńpílífáyà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Wireless World ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń mú wọ́ọ̀tì 15 jáde tí àbùkù rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú 1,000; negative feedback tó yí gbogbo ẹ̀rọ náà ká, títí kan tiransífọ́mà tó kángun sí sípíkà, ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe. Ọ̀nà àkọ́kọ́ Black, èyí tó ń béèrè àtúnṣe ní wákàtí-wákàtí, náà kò kú. Nígbà tí transistor dé, ilé iṣẹ́ Quad gbé áńpílífáyà 405 jáde ní 1975, tí wọ́n fi áńpílífáyà kékeré tó mọ́ tún iṣẹ́ èyí tó lágbára ṣùgbọ́n tí kò mọ́ ṣe. Ẹni tó bá ti ka páténtì 1928 yóò rí i pé ìbátan ni wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí á wá sí ọ̀dọ̀ Burton Smith. Wọ́n bí i ní 1941, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní MIT ní 1972, ó sì ń kọ́ni ní yunifásítì ní Denver, Colorado, kí ó tó lọ sí Denelcor. Ìṣòro ìgbà tirẹ̀ ni pé prósẹ́sọ̀ ń yára sí i ju mẹ́mọ́rì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nọ́ńbà sí, lọ. Prósẹ́sọ̀ yóò béèrè nọ́ńbà kan lọ́wọ́ mẹ́mọ́rì, yóò sì dúró. Iṣẹ́ kò ní lọ títí nọ́ńbà náà yóò fi dé. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń wá váàfù tó mọ́ nígbà Black, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń wá ọ̀nà tí ìdúró náà yóò fi kúrú. Smith gbà pé mẹ́mọ́rì yóò máa falẹ̀. Ohun tó béèrè ni ìdí tí prósẹ́sọ̀ fi gbọ́dọ̀ jókòó tẹtẹrẹ nígbà tí nọ́ńbà ń bọ̀. Onídìrí tó ti fi oníbàárà kan sábẹ́ dírááyà kì í dúró tì í. Ẹlòmíràn ni yóò fa ìjókòó fún.

Kọ̀ǹpútà tó jáde láti inú èrò yìí ni HEP, tí Denelcor gbé jáde ní 1982. Prósẹ́sọ̀ HEP pín iṣẹ́ àṣẹ kọ̀ọ̀kan sí ìpele mẹ́jọ, ìpele kan sì ń gba 100 nanosecond (nanosecond kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá). Òfin tí Smith gbé kalẹ̀ le: ọ̀wọ́ àṣẹ kan, ìyẹn àwọn àṣẹ iṣẹ́ kan tó tò tẹ̀lé ara wọn, tí wọ́n ń pè ní thread, kò gbọdọ̀ ní ju àṣẹ kan lọ nínú ìpele mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ kan ṣoṣo fún ẹ̀rọ náà, àṣẹ kan ni yóò máa parí ní 800 nanosecond, ìyẹn mílíọ̀nù kan àti ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìdá méje nínú mẹ́jọ agbára prósẹ́sọ̀ ń lọ lásán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọ̀wọ́ mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un, àṣẹ kan yóò máa parí ní 100 nanosecond kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń dúró de ẹnikẹ́ni. Ọ̀wọ́ tó ń retí mẹ́mọ́rì yóò bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òmíràn yóò sì wọlé. Smith ti ta ìyára ẹnìkan fi ra iṣẹ́ àjọṣe, gẹ́gẹ́ bí Black ti ta ìlọ́po fi ra òtítọ́.

Ohun kan tún wà nínú HEP tí mo fẹ́ràn gidigidi. Bí ọ̀pọ̀ ọ̀wọ́ bá jọ ń lo mẹ́mọ́rì kan, ewu wà pé ọ̀kan yóò ka nọ́ńbà kan kí èkejì tó kọ ọ́ tán. Smith fi àmì kékeré kan sí ara àyè kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́mọ́rì, tó ń sọ bóyá àyè náà kún tàbí ó ṣófo. Ẹni tó fẹ́ kà níbi tó ṣófo yóò dúró títí yóò fi kún. Bó bá kà á tán, àyè náà lè di òfìfo padà, kí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ tún lè wọlé. Iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń fi ọ̀pọ̀ ìlà àṣẹ ṣe, àmì kan ló fi parí rẹ̀.

Ọjà HEP kò tà. Denelcor kógbá sílé ní 1985. Smith kò yí ọ̀rọ̀ padà: ó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Tera sílẹ̀, tó fìdí kalẹ̀ ní Seattle, ẹ̀rọ wọn, MTA, sì gba ọ̀wọ́ 128 lórí prósẹ́sọ̀ kan, kò sì ní ibi ìpamọ́ kékeré tí àwọn yòókù fi ń sá fún ìfàsẹ́yìn mẹ́mọ́rì rárá. Ní ti MTA, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo ń rí àyè lẹ́ẹ̀kan péré nínú ìgbà 21. Ibùdó kọ̀ǹpútà ńlá ní San Diego gba ọ̀kan ní òpin àwọn ọdún 1990. Ní 2000, Tera ra ilé iṣẹ́ Cray, ó sì gba orúkọ rẹ̀. Smith lọ sí Microsoft ní 2005, ó sì dolóògbé ní 2018.

Ìlú Seattle yẹn náà ni ẹ̀ka kejì ọ̀rọ̀ yìí ti hù. Ní 1995, Dean Tullsen, Susan Eggers àti Henry Levy ti Yunifásítì Washington fi hàn pé prósẹ́sọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ àṣẹ bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà máa ń ní àyè tó ṣófo nígbà gbogbo, pé ọ̀wọ́ mìíràn sì lè gba àyè náà láìjẹ́ pé èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pàdánù púpọ̀. Intel gbé irú rẹ̀ jáde ní 2002 pẹ̀lú orúkọ Hyper-Threading. Wọ́n ní ohun tó fi kún ara chip kò tó ìdá márùn-ún nínú 100. Ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹ ń lò nìyí.

Ṣùgbọ́n bí áńpílífáyà Black ṣe ní ìhu tirẹ̀, èyí náà ní ewu tirẹ̀. Ọ̀wọ́ méjì tó jọ ń lo ibi ìpamọ́ kan lè máa fi ìyára àti ìfàsẹ́yìn mọ ohun tí ara wọn ń ṣe. Ní 2005 ni Colin Percival fi hàn pé ọ̀wọ́ kan lè gba ibẹ̀ jí kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí ọ̀wọ́ kejì ń lò, nígbà tó sì di 2018, àwọn tó ń ṣe OpenBSD, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, pa Hyper-Threading lẹ́nu mọ́ nínú ètò wọn. Ohun méjì tí a kó sí ilé kan yóò máa gbọ́ ìró ara wọn. Ẹnjiníà tó bá ń fi multithreading yangàn láìsọ èyí kò sọ òtítọ́ tán.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ orin òde òní ni iṣẹ́ àwọn ọkùnrin méjèèjì ti pàdé. Ilé iṣẹ́ XMOS, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bristol ní 2005, tí David May sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ń ṣe chip tó wà nínú ọ̀pọ̀ àpótí tó ń gba orin láti inú kọ̀ǹpútà nípasẹ̀ USB. Prósẹ́sọ̀ wọn àkọ́kọ́, XS1, gba ọ̀wọ́ mẹ́jọ lórí kóòrù kan, kò ní ibi ìpamọ́ kékeré, ọ̀wọ́ kan ṣoṣo kò sì lè gba ju ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ lọ. Orin kò béèrè ìyára tó pọ̀. Ohun tó béèrè ni pé kí ohun gbogbo dé lásìkò. Orin inú CD ń fẹ́ nọ́ńbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá fún etí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ọ̀kan láàrin àkókò tí kò tó 23 microsecond (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá), èyí tó bá sì pẹ́ ni etí yóò gbọ́ bí ìró tó ń ta pà. Nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ kan lè máa gba ẹrù láti USB nígbà tí òmíràn ń kó nọ́ńbà lé ibi tí wọn yóò ti di iná, láìdí ara wọn lọ́wọ́. Iná náà yóò wá bọ́ sínú áńpílífáyà, níbi tí rẹsísítọ̀ méjì ti ń dá ìdá kékeré kan nínú rẹ̀ padà sí ẹnu ọ̀nà ní òdì, tí ìwọ̀n àwọn méjèèjì sí ara wọn sì ń pinnu iye ìlọ́po tí yóò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ orin.